Bí A Ṣe Kó Ẹ̀bẹ̀ Lọ Bá Ìyáàfin Morita ní Stockport

Láti ìgbà tí mo ti padà dé Abẹ́òkúta, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó bá wá kí mi káàbọ̀. Wọ́n á jókòó, wọ́n á mu omi, wọ́n á wò mí bóyá mo sanra, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ní, "Mojí, ṣé lóòótọ́ ni pé ìlú Gẹ̀ẹ́sì lo lọ, tó wá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan lo lọ kọ́ níbẹ̀?" Bí mo bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rín ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tilẹ̀ ní mo dà bí ẹni tó wọkọ̀ Ìbàdàn, tó ní Èkó lòun ń lọ. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n lè sinmi àlàyé.

Èdè Japan ti wà lára mi tipẹ́. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan ní Èkó ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ló fà mí, kì í sì í ṣe bó ṣe ń dún. Ohun tó fà mí ni pé wọ́n ní àwọn ará Japan lè bára wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yé oníkálukú. Mo ní àwọn wọ̀nyí àti ìdílé wa á jọ mọ̀ra. Nígbà tí yunifásítì kan ní Manchester ní kí n wá ṣe ìwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó di ẹrù mi.

Òjò tó kí mi káàbọ̀

Mi ò ní sọ ti ọkọ̀ òfuurufú àti àwọn tó ń yẹ ìwé wò, ìyẹn kò dùn létí. Òjò ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Kì í ṣe irú òjò tiwa tó máa ń fi ìjì ránṣẹ́ ṣáájú, tí èèyàn á fi ráyè ká aṣọ wọlé. Èyí kàn ń ṣẹ́ winniwinni ni, kò rọ̀, kò dá, àfi ìgbà tí mo rí i pé aṣọ mi ti rin gbingbin.

Ànńtí Bùnmi, àbúrò ìyá mi, ló wá pàdé mi. Blackley, ní Manchester níbẹ̀, ló ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe. Ó gbá mi mọ́ra, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Mojí, sandals? Nínú cold yìí? O kì í gbọ́ràn. Ṣé mi ò sọ fún ẹ lórí phone ni?" Bó ṣe ń bá mi wí náà ló ń bọ́ ìborùn rẹ̀ wé mi lọ́rùn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo ti dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin òyìnbó tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "You all right?" Mo dúró dáadáa, mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Mo ní ara le, àwọn ará ilé náà wà dáadáa, orúnkún ìyá mi ń dùn ún ṣùgbọ́n ó ti ń fúyẹ́. Nígbà tí n ó fi gbójú sókè, baálé ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìkòríta. Ànńtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe question o. Sọ ọ́ padà fún un, kó o máa lọ." Ó dùn mí díẹ̀, nítorí mo ti ń múra àtibéèrè àwọn ará ilé tiẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé wọn ò ní ìwà. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, àtọmọdé àtàgbà. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ń pè mí ní "love" láìmọ̀ mí rí. Mo fẹ́ràn èyí gan-an, kò sì pẹ́ tí èmi náà fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ pẹ̀lú ohùn gooro bí ọmọ ibẹ̀.

Ohun tí mo wá gbà

Olùkọ́ tó ń mójú tó ìwádìí mi, obìnrin òyìnbó kan ni. Ó ní kí n máa pe òun ní Helen. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ahọ́n mi kọ̀ ọ́, nítorí náà mo ń pè é ní Dókítà Helen, òun náà sì fi mí sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ inú fíìmù àti ti inú ìwé kò lè tó fún iṣẹ́ wa. Àwọn ará Japan tó wà láàyè, tí wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nílé, ni mo gbọ́dọ̀ gba ohùn wọn sílẹ̀.

Ó mọ àwọn kan. Àwọn ìyá àgbà ará Japan tí wọ́n ti pẹ́ lágbègbè yẹn máa ń pàdé lóṣooṣù ní Stockport, nílé Ìyáàfin Morita, wọ́n á jẹun ọ̀sán, wọ́n á sọ̀rọ̀ títí. Bí wọ́n bá gbà kí n gbé ẹ̀rọ mi síbẹ̀, iṣẹ́ mi ti délé. Bí wọn ò bá gbà, mi ò ní ìwé tí n ó kọ, ọwọ́ òfo ni n ó sì fi padà wálé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ti ń dúró kí n fi ìwé ẹ̀rí náà wọlé kí wọ́n lè gbà mí síṣẹ́. Ìyá mi ní tiẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ṣeréṣeré.

"Ó ṣòro díẹ̀"

Mo dé ilé Ìyáàfin Morita ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣàánú wa. Obìnrin kékeré kan ló ṣílẹ̀kùn, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa. Ọkọ rẹ̀, ẹnjinníà tó gbé e wá sí England, ti kú tipẹ́. Mo kúnlẹ̀, ó tẹríba. Mo tún kúnlẹ̀ nítorí pé ó tẹríba, ó tún tẹríba nítorí pé mo kúnlẹ̀. Ká ní kì í ṣe omi tó ń hó ní kíṣìnnì ni, bóyá a ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fún mi ní tíì gbígbóná tó ní àwọ̀ ewé, kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Ó gbé ìrẹsì wá, tí wọ́n dì bìrìkìtì, tí wọ́n fi nǹkan dúdú kan wé. Mo rò pé ọ̀rá ni, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Ó wojú mi, ó kàn mú tiẹ̀, ó bù ú jẹ pẹ̀lú nǹkan dúdú náà. Ewé inú òkun ni. Ó ń rùn díẹ̀ bí ẹja, ó sì dùn, mo jẹ mẹ́ta.

Èdè Japan ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀. Ó ń mi orí sí gbogbo gbólóhùn, ó ń hùn sí i, inú mi sì ń dùn pé ó ti bọ́ sí i. Mo sọ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó fa èémí wọlé láàárín eyín rẹ̀. Ó wo òdòdó tó wà lójú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó ṣòro díẹ̀." Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó sì tẹríba títí mo fi yà sí kọ́nà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Mo ti kà á nínú ìwé pé bí ará Japan bá ní ó ṣòro díẹ̀, ó ti kọ̀ nìyẹn, kò kù síbì kan. Mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n sì gbóríyìn fún mi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àgbàlagbà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ sí mi, etí tí mo gbé wá láti Abẹ́òkúta ni mo fi gbọ́ ọ. Nílé wa, àgbà tí kò bá fẹ́ nǹkan á lé ọ jáde. Èyí tó bá ní ó ṣòro díẹ̀, tó tún sìn ọ́ dé géètì, ohun tó ń sọ ni pé kó o lọ wá ẹni tí yóò bá ọ bẹ òun.

Mo sọ fún Ànńtí Bùnmi. Ó gbé síbí kalẹ̀.

"Ó fún ẹ lóunjẹ?"

"Mo jẹ mẹ́ta."

"Ó tún sìn ẹ́ jáde? Ah, ó ti gbà nìyẹn. Ó kàn fẹ́ ká ṣe é níyì ni. Ṣé ìwọ nìkan lèèyàn máa rí, kó sì gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀? Elders ló máa ń bá èèyàn sọ irú ẹ̀ o. Jẹ́ kí n pe Díákónì."

Díákónì lórí kápẹ́ẹ̀tì

Díákónì Ṣówándé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n máa ń rán níṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ ní ìjọ wa ní Broughton. Ó ti bẹ ìyàwó padà fún ọkọ, ó ti bẹ onílé fún ayálégbé, kò sì sẹ́ni tó tíì bẹ̀ tí kò gbà. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday, ó wọ agbádá rẹ̀ tó funfun kinniwin, Ànńtí wé gèlè, èmi gbé iṣu méjì tó dáa, a forí lé Stockport. A ò pè é ṣáájú. Ta ló máa ń pe ẹni tó fẹ́ lọ bẹ̀?

Ìyáàfin Morita ṣílẹ̀kùn, ó rí agbádá, ó rí gèlè, ó rí iṣu. Ó ní ká wọlé. A bọ́ bàtà. A ò tíì jókòó tí Díákónì fi ká agbádá rẹ̀ sẹ́yìn, tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ànńtí kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀.

"Mummy, we have come to beg," ni Díákónì wí láti ilẹ̀. "This is your daughter. Whatever she has done, ẹ má bínú, mà. Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Mojí, túmọ̀ ẹ̀ fún wọn."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ojú Ìyáàfin Morita ti yí padà. Ó sáré kúnlẹ̀, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ni Díákónì bá tún na ara rẹ̀ sí i, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ fún Ànńtí pé, "Mummy wà nílẹ̀, báwo ni n ó ṣe dìde?" Ìyáàfin Morita náà ò sì lè dìde nígbà tí àlejò rẹ̀ wà nílẹ̀. Gbogbo wa wà níbẹ̀ lórí eékún àti àyà wa, ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kọ́kọ́ gbórí sókè.

Níkẹyìn ó sọ pé, "Ó dáa, ó dáa. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kó wá lóṣù tó ń bọ̀. N ó sọ fún wọn." Mo túmọ̀ rẹ̀, Ànńtí sì ké halelúyà nínú ilé onílé. Orin la kọ délé. Díákónì ń fọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀, ó ní, "Ṣé mi ò sọ fún yín? Kò sí ẹ̀yà tí kò mọ ẹ̀bẹ̀!" Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀sán tó tutù

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo gbé ẹ̀rọ mi sí àárín tábìlì, mo sì lọ jókòó sí kọ̀rọ̀. Àwọn ìyá àgbà náà múra bí ẹni tó ń lọ ya fọ́tò. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òdòdó Ìyáàfin Morita. Ẹnì kan á sọ tiẹ̀ tán, wọ́n á fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹlòmíràn á wá bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìjókòó kan ṣófo. Oúnjẹ ò tíì tán lórí tábìlì tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá kóòtù wọn.

Mo ń gbọ́ ọ padà ní Blackley nígbà tí Ànńtí ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Àwọn wọ̀nyí ò gbádùn ara wọn o, Mojí. Bí àwọn residents wa ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyí tí àwọn inspector bá dé. Everything is lovely, everything is fine."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Dókítà Helen náà gbọ́ ohùn tí mo gbà, ó ní kò burú, pé mo lè fi kọ̀wé kí n sì yege. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ìwé ẹ̀rí mi wà nínú ẹ̀rọ kékeré yẹn, kọ́lẹ́ẹ̀jì ń dúró dè mí, ìyá mi sì ti ń yan aṣọ tí yóò fi ṣe ayẹyẹ rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbọ́ ohùn àwọn obìnrin yẹn kí ojú má tì mí. Dídọ̀bálẹ̀ la fi gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ni wọ́n ṣe fún wa.

Nínú kíṣìnnì

Lọ́tẹ̀ yìí, mo pè é ṣáájú, mo sì dá lọ. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì kíṣìnnì. Mo ní, "Mo wá pa á rẹ́ níṣojú yín, mà." Mo tẹ ibi tó yẹ kí n tẹ̀, gbogbo ohùn wọn sì lọ. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí n ó fi kọ̀wé, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wò mí. Ó bu tíì fún mi. Ó ní, "Ọ̀kan nínú wa ní ọkọ tí kò rántí orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ibí nìkan lobìnrin náà ti máa ń sunkún. Kò wá lóṣù tó kọjá."

Mo rántí ìjókòó tó ṣófo, omi sì bọ́ lójú mi. Mo ní kó dárí jì mí.

"Mo sọ fún yín pé mi ò fẹ́," ló wí.

"Mo ti mọ̀ báyìí, mà."

"Mo fa èémí. Mo wo òdòdó. Mo sọ pé ó ṣòro." Ó gbé ife rẹ̀ sókè. "Kí ni mo tún lè ṣe?"

"Nílé wa, mà, bí àgbà bá sọ bẹ́ẹ̀, ó ní ká wá bẹ òun ni."

Ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí ẹ fi mú ọkùnrin aláṣọ ńlá yẹn wá?"

"Ìdí nìyẹn, mà."

"Ká ní mo kọ̀ nígbà yẹn ńkọ́?"

"Ì bá ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì yín títí di òní."

Ó kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó gbé ọwọ́ náà kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi ń di tábìlì mú. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun ò tíì rí ẹni tó fi gbogbo ara tọrọ nǹkan bẹ́ẹ̀. Òun ò tilẹ̀ mọ ibi tí òun máa fojú sí. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi ojú ò sì tíì gbẹ. Ó ní, "Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, ìgbà yẹn lẹ̀yin bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ ò lè kọ ìyẹn ni?"

Mo ní mo lè kọ ọ́, bó bá yọ̀ǹda. Ó ní kí n máa wá lọ́jọ́ Thursday, òun nìkan ni kí n gba ohùn rẹ̀, kí n fi àwọn ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀. Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀ fún ọ̀gá, fún àna, fún aládùúgbò, tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ "rárá" níbẹ̀. Èmi ń sọ bí a ṣe ń bẹ̀, àti bí a ṣe ń mọ ìgbà tó yẹ ká dìde. Iṣu méjì yẹn náà, a sè é, ó ní ó gbẹ jù, ó fi omi ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà wọn tì í sọ́nà ọ̀fun. Ó rẹ̀ mí gan-an nígbà tí mo ń kọ ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rántí ìgbà tí iṣẹ́ dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo yege. Ìyá mi wọ aṣọ rẹ̀.

Ìdágbére

Kí n tó máa bọ̀ nílé, ìjọ Broughton fẹ́ bá mi ṣe ìdúpẹ́. Díákónì ní dandan ni kí n mú Ìyáàfin Morita wá, kó jókòó níwájú, kí gbogbo ìjọ rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló fọkọ̀ gbé mi lọ sí Stockport, ó dúró dè mí nínú ọkọ̀. Mo bá Ìyáàfin Morita ní kíṣìnnì, ó ń gé àlùbọ́sà. Mo sọ ohun tí wọ́n rán mi. Mo sọ ti orin, mo sọ ti oúnjẹ, mo sọ pé wọ́n á fi í jókòó sí àga tó ga jù.

Kò dá ọ̀bẹ dúró. Ó ní, "Rárá o, Mojí. Mi ò lọ. Ariwo yín ti pọ̀ jù."

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni bó ṣe sọ ọ́, tààrà, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin tó máa ń pè é láti Japan. Ayọ̀ kún inú mi. Mo gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn, tòun ti ọ̀bẹ, tòun ti àlùbọ́sà, ó ń pariwo pé kí n fi òun sílẹ̀.

Mo padà sínú ọkọ̀. Díákónì wojú mi, ó rí ẹ̀rín, ó ní, "Ṣé Mummy ń bọ̀?"

"Wọ́n ní rárá, sà. Wọ́n ní àwọn ò lọ."

Díákónì ti fẹ́ ṣílẹ̀kùn, ó ti ń ká agbádá rẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ jókòó, sà. Èyí kì í ṣe ti ẹ̀bẹ̀. A ti di ará ilé ni."